Ẹṣin Tó Ń Kí Agboòrùn

Ẹṣin kan wà ní ilé bàbá mi àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gùn ún, èmi ni mò ń pa koríko fún un. Bí mo bá fọwọ́ kan gàárì, wọ́n á ní ọmọbìnrin kì í gun ẹṣin, pé ta ló máa fẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú títí ẹṣin fi sú u. Wọn kò torí ìyẹn fún mi. Wọ́n tà á. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé àgbàlagbà kan kàn ṣàdédé ya wèrè lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì.

Ilé ọkọ mi ní Ìséyìn náà ní ẹṣin. Ọkọ mi jẹ oyè kan tí ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gẹṣin lọ kí ọba lọ́jọ́ Iléyá. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ẹṣin náà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní nígbà tí ẹṣin ṣì kéré, akọ pupa kan tó ní funfun níwájú orí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ẹṣin náà. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi wólẹ̀, ó sọ fún mi lójú ìyá ilé, àbúrò bàbá wọn obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé, pé: “Ìwọ lò ń fún un lóúnjẹ. Ìwọ ni kó o mú un.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi àbúrò rẹ̀ jẹ oyè náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìwúyè, ó dé ẹ̀yìnkùlé mi pẹ̀lú okùn lọ́wọ́.

“Ìyàwó wa, ẹ kú àmójútó o. Mo wá mú ẹṣin oyè.”

“Ẹṣin oyè wo? Ẹṣin ọkọ mi ni mo mọ̀.”

“Ẹṣin kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ta ló máa gùn ún? Ẹ̀yin?”

“Èmi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ ti ògiri. Ìyàwó ilé máa ń sọ àwọn àbúrò ọkọ lórúkọ. Orúkọ dídùn kan ni mo sọ ọ́ nígbà tí mo wọlé wọn. Mo gbà á padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì tíì dá a padà fún un.

Ìyá ilé ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní ẹṣin tí wọ́n kàn so mọ́lẹ̀ kò ní olúwa, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gùn ló ni ín. Ó bi mí bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti ń dán agẹṣin wò. Mo ní ó wà. Ó ní, “Ó dáa. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní agẹṣin kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé, ẹṣin di tìrẹ. Bí wọn ò bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ á fà á lọ.” Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo mọ ohun tí àmín wọn ń tọrọ.

Ojú ọ̀nà Òtù ni ibi tí mo ń sọ wà. Ọmọ Òkè-Ògùn kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó ti bá wọn tọ́jú ẹṣin lókè ọya fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ṣán igbó síbẹ̀, tó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, tó wá ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ohun tí wọ́n ń pè ní dírẹ́sáàjì. Kì í ṣe eré ìje. Ẹṣin á máa rìn, á sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, á yípo, á dúró ṣinṣin, láìsí pàṣán, láìsí ariwo, bí ẹni pé òun àti ẹni tó gùn ún jọ ń ro èrò kan náà. Gálọ́ọ̀nù òróró tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ni wọ́n tò yí pápá ká, lẹ́tà kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí agẹṣin lè mọ ibi tí yóò ti yà. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà máa ń wá láti Ìbàdàn wá dán wa wò, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Sójà, bí gbogbo wa ṣe ń pe olùkọ́ wa, sọ pé ti ọmọdé ni ìpele kìn-ín-ní, pé ẹni tó bá yege ìkejì ni òun tó lè pè ní agẹṣin. Bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mo sọ ọ́ fún ìyá ilé. Ìpele kejì di òpó tí wọ́n so ẹṣin mi mọ́.

Ara mi kọ̀. Orúnkún tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níwájú pátákó ìkọ̀wé kò fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di ìhà ẹṣin mú. Sójà á dúró láàárín pápá, á máa pariwo.

“Mọ́mì Tísà! Ẹ má fa ìjánu mọ́! Ẹ̀ ń fà á bí ẹni ń fa omi kànga!”

“Bí mi ò bá fà á, ṣé kó gbé mi dé Òtù ni?”

“Ìdí lẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọwọ́! Ẹ jókòó bí àpò ìrẹsì. Ẹ wúwo, kí ẹ sì dákẹ́.”

“Ìwọ náà dákẹ́ ná, kí n lè gbọ́ ohun tí ìdí mi ń sọ.”

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà kan rí, orí rẹ̀ kò sì gbà á. Ẹ̀yìn mi ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ti yege ìpele méjèèjì kí ìjókòó mi tó tọ́. Bó bá ti gẹṣin kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní, “Ẹ kú ìgbìyànjú, Mà.” N kò tíì gbọ́ èébú tó dùn mí tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo yege ìpele kìn-ín-ní. Ọyẹ́ mú púpọ̀ lọ́jọ́ náà, inú ọkọ̀ ni obìnrin tó wá láti Ìbàdàn jókòó sí, tó ti ń wò wá. Ẹṣin mi rìn bí ìyàwó tuntun.

Ooru ti dé nígbà tí ìdánwò ìpele kejì kàn mí. Wọ́n gbé tábìlì sí orí pápá, wọ́n ta agboòrùn ńlá lé e, obìnrin náà àti akọ̀wé rẹ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí agẹṣin máa ń ṣe ni pé yóò wọlé láti ìsàlẹ̀ pápá, yóò kọjú sí wọn gan-an, yóò rìn dé àárín, yóò dúró, yóò sì tẹríba. Mo wọlé, mo kọjú sí wọn. Ẹṣin mi na etí méjèèjì. Kí n tó mí, ó ti ki eré mọ́lẹ̀, ó dúró gìrì níwájú tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Tíì dà sára akọ̀wé. Ọrùn ẹṣin ni mo dì mọ́.

Àbúrò ọkọ mi wà láàárín àwọn tó ń wòran. Ó rọra sún mọ́ mi. “Pẹ̀lẹ́ o, Ìyàwó wa. Ọwọ́ obìnrin ò lè mú un.”

Mo padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ mi. Bí àwa nìkan bá wà lórí pápá, kò sí ohun tí ẹṣin náà kì í ṣe fún mi. Wọ́n pè mí fún ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: eré, gìrì, ẹsẹ̀ lókè. Sójà ní ẹ̀rù mi ló ń gba inú ìjánu lọ bá a. Àbúrò ọkọ mi tún kí mi pẹ̀lẹ́. Ìdánwò kan péré ló kù kí Iléyá tó dé.

Òjò àkọ́rọ̀ ló là mí lójú. A wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Sójà mú agboòrùn rẹ̀, ó ṣí i, ó fìdí lé gálọ́ọ̀nù kan lókèèrè. Ẹṣin na etí. Ó gbéra. Nígbà tó dúró gìrì níwájú Sójà tó sì gbé ẹsẹ̀ sókè, ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ ológun títí ó fi fẹ̀yìn tì ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Mọ́mì! Kí ni mo ṣe yín?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àárín ẹ̀rín náà ni mo sì ti rí ọkọ mi. Mo rí i lórí pápá ìkírun, tó ń sáré ẹṣin yìí lọ bá ọba lábẹ́ agboòrùn, tó dúró gìrì, tí ẹṣin gbé ẹsẹ̀ sókè kí kábíyèsí, tí ìlú ń hó yèè. Ẹṣin mi kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó rí agboòrùn, ó rí ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó lọ kí ọba.

Ẹni tó kọ́ ọ sì mọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti máa ń rí wọn: ọkọ mi á jókòó sórí àpótí lábẹ́ agboòrùn, àbúrò rẹ̀ á sáré ẹṣin wá bá a, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn jókòó wo ìtìjú mi lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ ohun tó fà á, pẹ̀lẹ́ ló ń kí mi.

Sójà fẹ́ bẹ àwọn ará Ìbàdàn kí wọ́n ká agboòrùn wọn. Mo ní rárá, wọ́n á ní ẹ̀bẹ̀ ni mo fi yege. Mo gbé agboòrùn ọkọ mi jáde, mo ta á sórí ọpọ́n tí ẹṣin ti ń jẹun. Láàárọ̀ lálẹ́, abẹ́ agboòrùn ló ti ń jẹ eèrí bàbà. Lórí pápá, Sójà á jókòó sábẹ́ tirẹ̀, èmi á mú ẹṣin rìn lọ bá a, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá fẹ́ gbéra, mo wúwo lórí rẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Nígbà mìíràn ó máa ń yí ojú padà wò mí, bí ẹni ń béèrè pé, ṣé kì í ṣe ọba nìyẹn ni?

Lọ́jọ́ ìdánwò, àbúrò ọkọ mi mú okùn rẹ̀ wá. Ó mú agboòrùn wá pẹ̀lú, ó ṣí i, ó jókòó sítòsí tábìlì. “Oòrùn yìí mà pọ̀ o, Ìyàwó wa.” Ìyá ilé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Mo wọlé. Etí ẹṣin nà. Mo gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń lù lábẹ́ itan mi. Mo wúwo, mo dákẹ́. Ó rìn. Ó dé àárín, ó dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ tí wọn kò tíì pa, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo tẹríba. Ìyókù kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òbíríkítí mi rí bí ẹyin. Mo yege, díẹ̀ báyìí ni mo fi là á.

Obìnrin Ìbàdàn náà ní, “Ẹ kú oríire, Mà. Ẹ ti di agẹṣin. Ṣùgbọ́n inú ẹṣin yín ò dùn. Ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀.”

Àbúrò ọkọ mi dìde. Ó gbé agboòrùn rẹ̀ wọ inú pápá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ké sí ẹṣin náà bó ti máa ń ké sí i láti kékeré: “Akọ! Ó yá!” Ẹṣin gbé orí sókè, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó rọra rìn lọ bá a, ó sọ imú kalẹ̀, ó ń wá eèrí lábẹ́ agboòrùn.

Ọkùnrin náà ká agboòrùn. “Ìyàwó wa, kí lẹ ṣe fún un?”

“Mo kọ́ ọ ni.”

“Ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́.”

Kò sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀. Ó gbé okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó fi etí agbádá nu ojú. Oòrùn mú lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, ẹṣin àyálò láti Ṣakí ló gùn lọ kí ọba. Wọ́n ní ẹṣin náà dúró gẹ́gẹ́ bí màlúù, kò gbé ẹsẹ̀ kankan. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo jẹ ẹran mi dáadáa.

Nígbà tí ìlú ń hó ní pápá, mo gbé àpótí ọkọ mi sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, mo ṣí agboòrùn, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹṣin wà ní ìpẹ̀kun kejì, láìní okùn lọ́rùn. Etí rẹ̀ nà sí ìró ìbọn tó ń bọ̀ láti pápá. Ó yíjú, ó rí mi. Mo rí i pé mò ń di eteetí àpótí náà mú, mò ń retí eré, mò ń retí ẹsẹ̀ méjèèjì lókè.

Ó rìn wá, gbọnrangandan, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó dé iwájú mi, ó dúró, ó sì sọ imú sí àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò bu eèrí kankan dání.