Má Dáhùn, Fóònù Ń Gbohùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama nítòsí Mapó, kò sóhun tó wù mí tó ẹgbẹ́ oníròyìn ilé ìwé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ayé fóònù tó ní bọ́tìnnì. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní, ti tíṣà wa, Àǹtí Ṣadé, ni. Òun ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, òfin rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: ẹni tó ń gbohùn kò gbọdọ̀ mí fín. "Bí o bá dá sí i, o ti bà á jẹ́." Pàṣán ló fi ń rán ẹni tó bá gbàgbé létí.

Ọ̀gá àgbà wa ní tiẹ̀ kórìíra fóònù bí ẹni kórìíra ejò. Ó ní bí a kò bá mú ohun gidi kan wá láàárọ̀ Jímọ̀, ẹgbẹ́ náà ti tú nìyẹn. Èmi ni wọ́n rán lọ sí Òjé nírọ̀lẹ́ Àlàmísì, sọ́dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, arúgbó tó ń se ọṣẹ dúdú. Àǹtí gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kò síná ládùúgbò, bátìrì fóònù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Èéfín àti òórùn àdín gbóná ń ta mí nímú. Mo kúnlẹ̀, mo kí Ìyá, mo tẹ bọ́tìnnì, mo panu mọ́. Ìyá sọ bí ìyá ọkọ òun ṣe kọ́ òun níṣẹ́, ó dúró. Mo dákẹ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń sun èèpo kòkó di eérú, ó tún dúró, ó ń wò mí. Háà, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: bí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o kò ṣe "hẹ́n," o ti rí i fín nìyẹn.

Ìyá dìde lórí àpótí. "Ṣé igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni? Máa lọ sílé yín, jàre!"

Omi bọ́ lójú mi. Bí mo bá fọhùn, mo ti bà á jẹ́. Bí n kò bá fọhùn, ẹgbẹ́ wa ti tú. Fóònù ń ké pé bátìrì ń tán lọ. Ni mo bá figbe ta: "Hẹ́n, Ìyá! Mò ń gbọ́ o!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé o kì í ṣe odi!" Ó padà jókòó, ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde, èmi náà ń ṣe "hẹ́n, hẹ́n" lọ ràì. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ pa báyìí ni fóònù kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Àǹtí ti fi jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé gba iná sí fóònù, ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú gbogbo ilé ìwé. Bí "hẹ́n" mi àkọ́kọ́ ṣe jáde, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, Àǹtí wò mí bí ẹni máa gbé mi mì. Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó tẹ́tí sí ohùn Ìyá. Ìgbà tó yá, ohùn Ìyá béèrè pé, "Ṣé ò ń gbọ́ mi, ọmọ yìí?"

"Mò ń gbọ́ o, Ìyá," ọ̀gá àgbà ló dáhùn, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun fọhùn. Ẹgbẹ́ wa kò tú mọ́.

Lónìí, ọmọ mi náà ti di oníròyìn nílé ìwé tirẹ̀. Máíìkì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn aṣọ ló ní, fídíò rẹ̀ sì mọ́ kedere. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé fóònù kalẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n sọ ìtàn èwe mi. Mo sọ díẹ̀, mo dúró. Kò fọhùn, ojú fóònù ló ń wò. Mo tún sọ díẹ̀. Mo tún dúró, mo ń wò ó.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Mọ́mì. Fóònù ń gbọ́ yín."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"