Bí Bàbá Mi Ṣe Sin Àlejò Dé Máràdì

Mo rántí ọdún tí mo sọ tábìlì ìjẹun ilé wa ní àdúgbò Television, ní Kàdúná, di ọ́fíìsì. Àárín àwọn ọdún 1990 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba, mo sì gbà pé kò sí ohun tí fáìlì kò lè ṣe láyé. Lẹ́tà kan dé sí bàbá mi láti Máràdì, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná, kí ó tó padà sílùú rẹ̀, ló kọ ọ́. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ọdún kọkànlá rèé tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ọ̀rẹ́ náà ní ojú òun ti ń ṣú, kí bàbá mi tètè wá kí òun lè rí i kí ojú náà tó lọ tán. Bàbá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní a máa wakọ̀ lọ. Mo ní kó fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Mo ṣètò lóòótọ́. Mo gba ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Mo lọ bá àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Kawo, mo kọ gbogbo ibi tí ọlọ́pàá máa ń dúró sí láti Kàdúná dé ẹnu ibodè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù wọ́n, mo ní ká dúró. Nígbà tí epo dé, mo ní ká kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà. Nígbà tí a pààrọ̀ táyà tán, ọ̀gá mi kò tíì buwọ́ lu ìwé ìsinmi mi. Gbogbo ìgbà tí a bá sún un síwájú ni bàbá mi ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Máràdì. Ìyá mi ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹnu lẹ fi ń rìn.” Mo bínú sí i. Mo ní ìrìnàjò sílẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ọjà Kawo.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń fi bíró pupa fàlà sí ètò náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkan sálámà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó gbé báàgì kan àti kẹ́tù àlùwàlá dání, ó ń fọwọ́ wá òpó ìlẹ̀kùn. Bàbá mi jáde, ó dúró gbagidi.

“Haba, aboki,” ni àlejò náà wí, ní Yorùbá tó kọ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, “lẹ́tà rẹ ti dé Máràdì lẹ́ẹ̀mẹrin, ìwọ ò tíì dé.”

Bàbá mi gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ náà lè rí i dáadáa. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí omi lójú bàbá mi. Mo ti fáìlì mi bọ abẹ́ tìmùtìmù.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi tàkúrọ̀sọ, Hausa lápá kan, Yorùbá lápá kan. Ní ọjọ́ kẹfà, bàbá mi wọ jálàbíà àti sálúbàtà, ó ní òun fẹ́ sìn ín dé Kawo. A kì í sin àlejò mọ ẹnu ọ̀nà nílé wa, a ò sì bi í léèrè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí kò dé, mo gba gáréèjì lọ. Ọkùnrin tó ń kó èrò sínú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ai, tare suka tafi. Babanki ya ce rakiya kawai yake yi.” Wọ́n ti jọ lọ, bàbá mi ní òun kàn ń sìn ín sọ́nà ni.

Mo sáré délé, mo ṣí fáìlì. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìyókù tí mo kọ wà níbẹ̀ pérépéré. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà, pẹ̀lú kílíṣí nínú páálí. Ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi nínú ilé rẹ̀, wọ́n ti wo ara wọn dáadáa. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ ọ̀rẹ́ náà kọ̀wé pé ojú bàbá òun ti lọ pátápátá.

Bàbá mi kò bá mi wí rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo máa ń ro ó, pàápàá nísinsìnyí tí èmi náà ti di ẹni tó ń fi awò ojú kàwé. Ká ní ọ̀rẹ́ bàbá mi dúró de ètò mi ńkọ́? Inú mi dùn pé ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló jẹ́ kó rí i.