Igi Ọsàn Màámi ní Awoyaya

Nígbà tí ẹsẹ̀ dídùn kò jẹ́ kí ìyá mi lè dá gbé l'Ékìtì mọ́, wọ́n kó wá sọ́dọ̀ mi ní Awoyaya, l'Ékòó. Báàgì aṣọ kan ni wọ́n gbé wá, àti ike ọ̀dà kan tí igi ọsàn kékeré wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ló gbin ìyá igi náà sí ẹ̀yìn ilé wa kí wọ́n tó bí mi. Lẹ́yìn ikú Bàbá, àwọn tó ń la títì gé e. Màámi ti ṣa kóró nínú èso rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹyọ kan péré ló hù.

"Ibi tí oòrùn ti ń tà ni kó o gbìn ín sí," wọ́n ní. "Bàbá rẹ kì í gbin ọsàn sábẹ́ ibòji."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ọgbà àwọn olówó ní VGC, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn sì ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ irú ilẹ̀ tí mò ń gbin igi náà sí. Yanrìn tí wọ́n fà láti inú ọ̀sà ni wọ́n fi dí irà tí ilé wa dúró lé, àwọn bíríkìlà sì ti po sìmẹ́ǹtì káàkiri ẹ̀yìnkùlé náà. Mo gbẹ́ ihò ńlá, mo da ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ sí i, mo gbìn ín.

Nígbà tó yá, ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ebi ni, Màámi."

"Ebi kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ìgbẹ́ adìẹ yẹn?"

Mo ṣàlàyé pé oúnjẹ kan wà tí igi kì í jẹ ju bíńtín lọ: irin, síńkì àti àwọn bí irú wọn. Bíńtín náà ni agbára tí igi fi ń fara da oòrùn àti òùngbẹ. Sìmẹ́ǹtì ti de irin mọ́nú ilẹ̀, gbòǹgbò ò rí i fà.

Wọ́n mi orí. "Bíi ti ẹ̀jẹ̀ tèmi náà nìyẹn." Àwọn náà ń lo oògùn tó ń fi irin kún ẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn.

Mo ra irin àti síńkì, mo pò wọ́n mọ́ omi, mo ń fọ́n ọn sára ewé ní ìrọ̀lẹ́. Níjọ́ kan, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Màámi pè mí lórí fóònù: "Ó ti dúdú! Ewé tuntun ti dúdú minimini!" Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Omi kànga ẹ̀rọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ní iyọ̀ lẹ́nu. Etí ewé gbẹ bí ohun tí iná rà. Mo tún fọ́n síńkì, igi náà sì tiraka. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ aládùúgbò wa kú ṣáájú rẹ̀. Mo ra omi lọ́wọ́ àwọn ọlọ́mọlanke láti máa fi bomi rin ín, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Mo gé ojú ẹ̀ka rẹ̀, mo lọ́ ọ mọ́ ara ọsàn mìíràn níbi tí mo ti ń tọ́ irúgbìn ní Ìkàtẹ́, kó lè máa hù níbẹ̀. Kò mú.

"Ìwọ tó o kàwé igi," Màámi ní, "ṣé kò sí nǹkan tó o tún lè ṣe ni?"

"Kò sí mọ́, Màámi."

"Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

Oúnjẹ ni mo lè fún igi. Mi ò lè lé òkun sẹ́yìn.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èékánná ha èèpo igi náà, ó ti gbẹ dénú. Màámi ní kí n jẹ́ káwọn wọlé ná kí n tó fà á tu. Wọ́n wọlé, wọ́n ti fèrèsé. Ọwọ́ kan ni mo fi fà á, ó tẹ̀lé mi wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá, wọ́n ń bá àbúrò wọn tó wà l'Ékìtì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ń béèrè bóyá òjò ti rọ̀ nílé. Wọn ò dárúkọ igi náà rárá.