Ìkọ́ Aago Ìyàwó Kò-níí-já

Kò-níí-já ni gbogbo àdúgbò ń pe atúnaagoṣe kan, torí ohun tó máa ń wí nìyẹn bó bá ti tún ìkọ́ tó ń de aago mọ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ojú aago ni iyì rẹ̀ wà, ẹ lọ bi í. Yóò ní aago olówó ńlá tí ìkọ́ rẹ̀ kò dára, ilẹ̀ ló ń wá.

Aago tó fẹ́ràn jù wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Oníbàárà kan ló ta á lọ́rẹ nígbà tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kú. Ó jí i dìde, ó fi kí ìyàwó kú ewu ọmọ. Ẹ̀wọ̀n ni okùn rẹ̀, irin gidi ni ìkọ́ rẹ̀. Àfi kéèyàn tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ kó tó ṣí.

Àìsàn dé. Obìnrin náà ń rù, aago ń yọ̀ lọ síbi ìgbọ̀nwọ́. Ohun tí iṣẹ́ kọ́ ọkọ náà ló ṣe. Bí ìyàwó bá ti sùn lọ́sàn-án, á bọ́ aago, á yọ ẹyọ ẹ̀wọ̀n kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ìkọ́ lè dúró sáàárín, á sì dá a padà sí i lọ́wọ́. Ó rò pé bí aago kò bá yọ̀, ìyàwó òun kò níí mọ̀ pé òun ń rù. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àgbàlagbà yìí!

"Bàbá àwọn ọmọ," ni obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan, "ṣé mo tún ti ń sanra ni? Aago yìí ń fún mi o."

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìkọ́ náà wò.

"Mi ò sùn rí nígbà tó o bá ń yọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀," ni ìyàwó tún wí. " Ọwọ́ rẹ ló ń tù mí lára, ni mo ṣe ń díbọ́n."

Nígbà tó yá, ẹyọ ẹ̀wọ̀n tán. Ó ku ìkọ́ àti ojú aago, síbẹ̀ ó tóbi ju ọrùn ọwọ́ obìnrin náà lọ. Irin yẹn kò sì ṣeé tẹ̀. Bí wọ́n bá fipá tẹ̀ ẹ́, kíkán ni yóò kán. Kò-níí-já yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Omi tán lẹ́yìn ẹja. Inú bí i sí irin lásánlàsàn.

"Bọ́ ọ fún mi," ni ìyàwó wí. "Ó ti wúwo."

"Jẹ́ n tún wò ó ná."

"Bàbá àwọn ọmọ, kò sóhun tó ṣe aago."

Ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì, ó bọ́ aago, ó fi ìka tirẹ̀ yí ọrùn ọwọ́ náà ká, kò sì mọ ohun tó kù tóun lè yọ.