Bìríyánì Tí Mùfú Ń Yìn

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí wọ́n sin Mùfú, ọmọ mi. Ìyá kì í rí sàréè ọmọ, wọ́n wá fi mí sílé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò lè jókòó. Mo jáde lọ wá ilé oúnjẹ Íńdíà tí Mùfú máa ń yin bìríyánì wọn, ìrẹsì aláta tí wọ́n fi ẹran sè. Ti ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ kò dùn. Ní ìkejì, mo bi Rahim, ọkùnrin tó ń dáná níbẹ̀, bóyá ó mọ Mùfú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, Mùfú tó máa ń sọ pé ata wa ò ta! Ó dà?"

"Wọ́n ń sin ín lọ́wọ́."

Ó pa iná. "Ní itẹ́ òkú wo?"

Mo sọ fún un, ó sáré lọ síbi ìsìnkú náà. Ìyàwó rẹ̀ bu bìríyánì fún mi. Ó dùn bí Mùfú ṣe wí. Mo ń sunkún, mo sì ń jẹ ẹ́ títí ó fi tán, torí kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe fún ọmọ mi lọ́jọ́ náà.