Àga Pétérù ní Ìwàrò-Ọ̀kà

Ọ̀gá Nathaniel Dáramọ́lá kì í gba àwẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ohun rere kò yẹ kó ṣòfò, àti pé àwẹ̀ tí aládùúgbò ẹni kò gbọ́ nípa rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ebi lásán. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì. Láti ìgbà náà ni gbogbo Ìwàrò-Ọ̀kà ti di kíláàsì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, àwẹ̀ Lẹ́ńtì rẹ̀ ní ìdí kan tó ju ìrònúpìwàdà lọ. Àga Pétérù ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, nígbà tí Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀, Fadá máa ń fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin méjìlá níwájú pẹpẹ, bí Jésù ti fọ ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì rẹ̀. Nínú ìjọ Kátólíìkì tiwa, a kì í fi mọ síbẹ̀. A máa ń to àga méjìlá, a ó sì lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ àpọ́sítélì kan wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹni tó bá jókòó sórí àga Jòhánù, Jòhánù ni wọn yóò máa pè é lọ́jà títí ọdún yóò fi yí po. Ètò yìí wà láti kọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdílé méjì kò fi kí ara wọn mọ́ nítorí àga Jákọ́bù.

Àga Pétérù ló ṣíwájú, òun náà ló sì súnmọ́ ibi tí àwọn tó ń fi fóònù ya fídíò máa ń dúró sí. Ó ti pẹ́ tí Adébíyìí, àgbẹ̀ kòkó kan tí oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Etioro, ti ń jókòó síbẹ̀. Adébíyìí kò bẹ̀bẹ̀ fún un rí. Pius, katikíìsì wa, ló fi í síbẹ̀ lọ́dún tí ẹni tó ni àga náà ṣàìsàn, kò sì sí ẹni tó rántí láti dá a dìde. Ọ̀gá Dáramọ́lá ní tirẹ̀ ti jẹ́ Táddéù rí, ó sì ti jẹ́ Bàtólómíù títí ó fi sú u. Katikíìsì gbìyànjú láti tù ú nínú.

"Ọ̀gá, Bàtólómíù yìí kan náà ni Bíbélì pè ní Nàtáníẹ́lì. Orúkọ yín gan-an ló wà lórí àga."

"Kí ni Bàtólómíù ṣe?"

Katikíìsì ronú. "Ó wà níbẹ̀, sà."

"Èmi náà ti wà níbẹ̀. Mo ti wà níbẹ̀ tó."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, Fadá Jesse, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ wa, pe ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Ó ní kí katikíìsì pín àwọn àga náà fún àwọn tó bá fi tọkàntọkàn gba àwẹ̀. Ó sì tún ṣàkíyèsí nǹkan kan: orúkọ Mátíásì la máa ń kọ sára àga ìkẹyìn. Ó ní wọn kò tíì yan Mátíásì ní ọjọ́ tí Jésù fọ ẹsẹ̀ wọn. Júdásì ló jókòó níbẹ̀, Jésù sì fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Àwọn àgbà mi orí, ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Fadá wá béèrè ẹni tí yóò jókòó sórí àga Júdásì, olúkúlùkù sì ń wo ẹni tó jókòó tì í.

Ọ̀gá Dáramọ́lá ló yanjú ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ jẹ́ kó rọrùn. Ẹni tí kò bá tíì dé nígbà tí agogo bá dún, kó pàdánù àga rẹ̀, kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá dé gbẹ̀yìn ni kó jókòó sórí ti Júdásì."

Bó ti ń sọ ọ́, Adébíyìí ló ń wò, nítorí Adébíyìí kì í tètè ti oko dé.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Adébíyìí wí. "Ẹsẹ̀ la kúkú fẹ́ fọ̀."

Ní Ọjọ́rú Eérú, Fadá fi eérú sàmì sí iwájú orí gbogbo wa. Tèmi ti bá òógùn lọ kí n tó délé. Ti Ọ̀gá wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi. Eunice, ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Ìtùnú, ní ńṣe ló ń wẹ̀ yí i ká, bí ẹni tó ń ro oko tí kò fẹ́ kí ọkọ́ kan ọmọ kòkó. Ọ̀gá fi ẹran sílẹ̀, ó fi ọtí sílẹ̀, ó fi ṣúgà inú tíì sílẹ̀, ó sì yà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí láti sọ fún wọn pé wọn kò ní í rí òun fún ìgbà díẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ifira, nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó dìde dúró kó tó ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè fọwọ́ kan ẹran tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó ẹran náà kúrò, wọ́n sì gbé ẹja àrọ̀ kan wá tí orí rẹ̀ nìkan kún àwo. Ọ̀gá jẹ ìyà náà títí dé ìrù, kò ráhùn.

Ó ṣẹlẹ̀ pé àwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí àti tiwa bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dún yìí. Ìbráhìm, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọ̀gá, ń gba tirẹ̀ láàárín iná àti oòrùn, kò sì bá ẹnì kankan sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe Ọ̀gá.

"Ìbráhìm, báwo ni tiyín?"

"Àlùhámúdùlílá, sà."

"Tiwa le o. Ogójì ọjọ́."

"Ẹ kú ìfaradà, sà. Ṣé ẹ kì í mu omi rárá ni?"

"Omi kò sí lára ohun tí mo fi sílẹ̀."

"Ẹ̀bà ńkọ́?"

"Ẹ̀bà kì í ṣe ẹran."

"Ó le lóòótọ́, sà," ni Ìbráhìm wí, ó sì fa gíláàsì dúdú rẹ̀ bojú padà.

Katikíìsì kò rí ibì kan gbà tí kò fi ní í gbọ́ ìròyìn àwẹ̀ yìí. Ó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, ó gbọ́ ọ nínú yàrá ìmúra Fadá, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ó ka orúkọ àwọn àpọ́sítélì sí etígbọ̀ọ́ ìjọ. Ọ̀gá Dáramọ́lá ni Pétérù. Adébíyìí ni Bàtólómíù, ó sì dúpẹ́ pé wọ́n rántí òun.

Ó ku ìṣòro kan ṣoṣo fún Pétérù, ìyẹn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí Fadá bá fọ ẹsẹ̀ tán, yóò nù ún, yóò sì fi ẹnu kò ó, níwájú gbogbo fóònù tó wà ní Ìwàrò. Gìgísẹ̀ Ọ̀gá sì ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà, ó wọ aṣọ àlà rẹ̀, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ tún ẹsẹ̀ òun ṣe ní Ìkàrẹ́.

Ìyá Ìtùnú ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹsẹ̀ tí Fadá fẹ́ fọ̀ náà?"

"Òun náà ni."

"Ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́ kí Fadá tó fọ̀ ọ́."

"Èèyàn kì í na ẹsẹ̀ tó dọ̀tí sí ẹni Ọlọ́run."

"Kí ni Fadá wá fẹ́ máa fọ̀ lára ẹ̀, Bàbá Ìtùnú?"

"Ìwọ ṣáà ya fídíò tìrẹ. Dúró sápá ọ̀tún, má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n."

Màrdíyyàh ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó tuntun ní Ìkàrẹ́. Ràmàdáànì ti parí, ìgbéyàwó ti tún bẹ̀rẹ̀, Latifah, ọmọge kan tí ìgbéyàwó tirẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, sì ti jókòó síbẹ̀ kí Ọ̀gá tó dé. Ó wo bàbá tó wọ àlà yìí tìyanu-tìyanu.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ṣègbéyàwó ni?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wo ẹsẹ̀ níbẹ̀."

Latifah gbà kí Màrdíyyàh kọ́kọ́ dá bàbá lóhùn. Màrdíyyàh ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi gbígbóná, ó fi òkúta ha gìgísẹ̀ rẹ̀, ó gé èékánná, ó fi òróró olóòórùn dídùn ra á. Nígbà tó parí, ẹsẹ̀ náà ń dán bí ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó. Oòrùn ṣì wà lókè. Ẹsẹ̀ tí Fadá yóò fọ̀ ti ṣe tán, ọ̀nà Ọ̀kà sì ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì.

"Tún ti òsì náà ṣe."

"Ẹ ní ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń fọ̀, sà."

"Wọn á rí òsì."

"Ẹ ó dúró kí n dá ìyàwó lóhùn ná. Òun ló ṣáájú yín."

Ọ̀gá dúró. Ìka ọwọ́ Latifah gba àkókò, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kùn sí i kò bá aṣọ rẹ̀ mu, wọ́n sì pa á rẹ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì Ọ̀gá fi ń dán bíi ti ọ̀tún, oòrùn ti wọ ẹ̀yìn àpáta. Kò lè dúró de kí ọkọ̀ kún mọ́. Ó gun ọ̀kadà, ó sì di ọ̀rá mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nítorí eruku.

Ní Ìwàrò, níbi tí ìpàdé kì í ti í bẹ̀rẹ̀ lásìkò láé, nǹkan àjèjì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù àga Júdásì ti bá àwọn àpọ́sítélì débi pé wọ́n ti jókòó kí ẹni tó ń lu agogo tó dé. Adébíyìí kò tilẹ̀ yà sílé. Oko ló gbà wá tààrà, ẹrẹ̀ oko sì ti gbẹ mọ́ ọn dé orúnkún. Agogo dún. Àga Pétérù ṣófo. Katikíìsì wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Fadá, ó sì pe Adébíyìí padà síbi tó ti mọ́ ọn lára. Ó mú ọkùnrin kan láàárín ìjọ fi dí ipò Bàtólómíù. Àga kan ṣoṣo ló kù.

Fadá ti ń rọ omi sínú bàsíà nígbà tí a gbọ́ ṣàkà-ṣàkà láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá Dáramọ́lá ló ń bọ̀ láàárín wa, bàtà lọ́wọ́, ọ̀rá lẹ́sẹ̀. Ó rí Adébíyìí, ó dúró.

"Katikíìsì, Pétérù ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni katikíìsì fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. "Agogo ti dún, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá jókòó sórí àga tó kù. Ó ti bàtà sábẹ́ àga, ó tú ọ̀rá, òórùn òróró náà sì dé ọ̀dọ̀ àwa akọrin. Fadá bẹ̀rẹ̀ láti orí Adébíyìí. Omi àkọ́kọ́ di ẹrẹ̀, wọ́n dà á nù. Fadá rọ òmíràn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó àmọ̀ kúrò láàárín ìka, ó sì fi ẹnu ko ẹsẹ̀ náà. Àwọn fóònù tàn yẹ̀rì. Láti ibẹ̀ ni Fadá ti ń bọ̀ láti àga dé àga, orúkọ tó wà lẹ́yìn Ọ̀gá sì ń dúró dè é. Ó kù díẹ̀ kó kàn án nígbà tí Ọ̀gá dìde. Ó gbé àgbádá àlà rẹ̀ sí èjìká, ó gba àárín ìjọ, ó sì jáde sínú ìrọ̀lẹ́.

Ìyá àgbà Àbẹ̀kẹ́, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, rò pé eré ìjìyà Jésù tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ kejì la ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ibi gbogbo. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Júdásì ṣe jáde."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Fadá kúnlẹ̀ síwájú àga tó ṣófo fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìtùnú bá ọkọ rẹ̀ lórí pèpéle ilé wọn nígbà tí Mísà parí. Bàtà ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé, eruku pupa sì ti bo iṣẹ́ Màrdíyyàh dé kókósẹ̀.

"Ẹ gbàgbé bàtà yín. Mo ya fídíò bí ẹ ṣe ní kí n yà á. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n."

Ọ̀gá gba bàtà, kò wọ̀ ọ́.

"Ẹsẹ̀ Adébíyìí yẹn. Ṣé ó mọ́?"

"Kò mọ́," ni Ìyá Ìtùnú wí. "Fadá ló fọ̀ ọ́ tó fi mọ́." Ó bu omi sínú abọ́ tó fi ń ṣan ẹ̀wà, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì wọlé lọ.