Okùn Mẹ́rin fún Gìtá Aba Mi

Òórùn àwọ̀n tuntun kò jọ òórùn mìíràn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ọkàn mi á ti padà sí Ayétòrò, sórí afárá pákó tó gba iwájú ilé ìhun-àwọ̀n wa kọjá, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì jọ ń ṣiṣẹ́, tí a jọ ń jẹun, tí ẹnì kan kì í pe ohunkóhun ní tòun nìkan. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn. Iṣẹ́ àwọ̀n ni wọ́n yàn mí sí. Ọkọ̀ ni Aba mi, ìyẹn bàbá mi, ń kàn. Àjákù pákó ọkọ̀ ló fi gbẹ́ gìtá kékeré kan, olókùn mẹ́rin, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní yukulélé, ó sì máa ń ta á fún gbogbo wa gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ọdún tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ náà ni atẹ́gùn oníyọ̀ jẹ okùn onírin ara gìtá ọ̀hún já. Aba kò jẹun mọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá wa mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: "Ẹ ta gìtá fún mi." A ti mọ̀ pé ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀. Mo fi ara mi búra pé kò ní lọ láì gbọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ fi òwú àwọ̀n sí i. Ó kàn ń dún bí ẹni ń fi ìka kan pákó tútù. Mo lọ́ ìko sí i, ó já kí n tó fà á le. Mo tú wáyà lára àtùpà àlòkù, ìyẹn ya mí níka, ó sì fẹ́ kán gìtá lọ́rùn. Ìgbà tí mo dán náílọ́ọ̀nù ìwọ̀ wò ni ohùn jáde, mo sì sunkún. Mo rí mẹ́ta ṣà nínú àjákù. Ìkẹrin, tó nípọn jù, àfi lára okùn ìwọ̀ ńlá tuntun tí a ń pèsè fún àwọn tó ń lọ sójú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló ń sọ fún. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ á dé ìpàdé àwọn àgbà, ọjọ́ á sì lọ. Mo ń ṣọ́ àyè láti àárọ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì; nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun, mo gé e.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Aba, mo ń lọ́ èèkàn okùn, mo ń ta á. Kí n tó tún ìkẹrin ṣe, àkọ́kọ́ ti dẹ̀. Mo tún un fà, ìkejì dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí oòrùn fi yí.

"Ó ti rẹlẹ̀ jù," ni Aba wí.

"Mo mọ̀, Aba. Ẹ ní sùúrù."

Inú ń bí mi sí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹnu ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá ilé àwọ̀n fi wọlé, orí okùn tí mo gé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Gìtá ló ń wò, kò wo èmi.

"Ṣé o nà án?"

"Rárá, sà."

"Okùn gha ni, okùn gbogbo wa, ọmọ mi. Ká ní o sọ fún mi ni, ì bá ti wà lára òpó látàárọ̀ àná."

Kò sí okùn tuntun tí a kì í so mọ́ òpó, ká fi òkúta rọ̀ sí ìdí rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó má baà dẹ̀ mọ́. Èmi gan-an ni mo ń ṣe é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ìlú ni òpó yẹn wà, ohun tí mo jí ni mo sì ń fi pamọ́. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lọ so wọ́n síta, ó fi òkúta rọ̀ wọ́n.

Òkúta ṣì wà nídìí okùn nígbà tí Aba mi kú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo ta gìtá náà níbi ìsìnkú rẹ̀. Okùn kan kò dẹ̀. Kò sí ẹni tó bá mi wí rí nítorí èyí tí mo gé, èmi náà kò sì bá ara mi wí mọ́ lórí ìyẹn. Ìlú tí a ti jọ ni ohun gbogbo ni mo wà, mo wá fi ìpayà mi ṣe tèmi nìkan, ìyẹn ló sì gba ìrọ̀lẹ́ ìkẹyìn lọ́wọ́ Aba mi.